Ta Lo Dágbére Fún? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Dídá Gun Òkè àti Dídá Wọ Igbó

Nígbà tí ẹgbẹ́ yín kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá sọ bí ènìyàn ṣe lè dá gun òkè kí ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé, àbúrò mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà fún. Ohun tó sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Ẹ sọ ti Ìdànrè fún wọn." Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú òwe kan tí gbogbo wa mọ̀ kúrò nílẹ̀.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Òwe yìí ni òbí máa ń pa fún ọmọ tó bá ní òun fẹ́ dá lọ wo adágún Ìyáké lórí òkè Adó-Àwáyè, tàbí omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá rọ́ lórí àpáta, ẹnì kejì á sáré lọ pe ènìyàn. N kò wá bá òwe jà lónìí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa dá lọ bó ti wù kí á pa òwe tó. Òmíràn ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí kò rí ní Èkó. Òmíràn kò rí ẹni tí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Èmi náà ń dá lọ, nítorí ìgbà tí mo bá dá wà lórí òkè ni etí mi máa ń ṣí: mo máa ń gbọ́ atẹ́gùn, mo máa ń gbọ́ ẹyẹ, mo máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara mi. Irú àwa bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Bàbá tó bí bàbá mi, ọdẹ ni. Òun nìkan ló máa ń wọ igbó lóru, títí agbára rẹ̀ fi dínkù. Mo ṣì ń rí i lójú inú mi: àtùpà ọdẹ níwájú orí, àpò ní èjìká, ìbọn lọ́wọ́. Kò jáde rí láìkọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí ìyá wa àgbà ti ń fi eérú bo iná mọ́lẹ̀. Á ní: "Ìyá Àdùkẹ́, ọ̀nà odò ni mo gbà lónìí o. Mi ò ní kọjá ìdí ìrókò. Bí àkùkọ bá kọ lẹ́ẹ̀kejì tí o ò rí mi, rán Àjàní." Ìyá àgbà á ní, "Ògún á ṣíwájú yín." Ó parí.

Ẹ tún gbọ́ ohun tó sọ yẹn. Ó sọ ọ̀nà tó gbà. Ó sọ ibi tí kò ní kọjá. Ó sọ wákàtí tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọminú. Ó sì dárúkọ ẹni tí yóò wá a, ẹni tó mọ igbó náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo rò pé bàbá kàn ń kí ìyá pé ó dàárọ̀ ni. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà, lórí òkè, kí n tó mọ̀ pé ẹ̀mí rẹ̀ ló ń fi sí ìyá lọ́wọ́ lálaalẹ́.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2014 ni. Mo wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ìdànrè. Bí mo ṣe ń jáde nílé, àbúrò mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọṣọ. Mo ké sí i pé, "Mò ń jáde o." Ó ní, "Ẹ padà bọ̀ o." Gbogbo ohun tí a bá ara wa sọ nìyẹn.

Ẹni tó bá ti dé Ìdànrè mọ àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà gun òkè ibẹ̀, èyí tó lé ní 600. Lórí òkè lọ́hùn-ún ni ìlú àtijọ́ wà, tí àwọn ará Ìdànrè gbé fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó kó sọ̀ kalẹ̀. Mo rí ààfin àtijọ́, mo rí ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé. Ọkàn mi yọ̀. Mo wá ní kí n rìn síwájú díẹ̀ sí i, kí n lè wo òkè láti apá kejì, ibi tí àwọn àlejò kì í sábà dé. Mo fi ọ̀nà tó hàn kedere sílẹ̀, mo tẹ̀ lé ọ̀nà tóóró kan tó wọ inú koríko. Kí ẹni tó ń gbọ́ mi mọ̀ pé lórí òkè, kì í ṣe gbogbo ọ̀nà tóóró ni ènìyàn là. Ewúrẹ́ ń la ọ̀nà. Àgbàrá òjò ń la ọ̀nà. Ọ̀nà méjèèjì yìí kò sì já sí ilé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó di nǹkan bí aago márùn-ún, mo gbé ẹsẹ̀ lé àpáta kan tí omi ń sun lórí rẹ̀. Ibi tí omi ń gbà lórí àpáta dúdú ju ìyókù lọ, ó sì máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹsẹ̀ òsì mi yẹ̀, mo ṣubú, mo gbọ́ bí ọrùn ẹsẹ̀ mi ṣe dún. Mo gbìyànjú láti dìde, n kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo yọ fóònù: bátìrì ku ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Kò pẹ́, ilẹ̀ ṣú. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́yìnkùlé padà wá sí mi létí. Mò ń jáde. Jáde lọ síbo?

Ìgò omi onírin kan wà lọ́wọ́ mi. Mo mú òkúta, mo ń fi lu ìgò náà: ẹ̀ẹ̀mẹta, mo dákẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo dákẹ́. N kò mọ iye ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo rí iná tọ́ọ̀ṣì tó ń mì bọ̀ láàárín koríko. Àgbẹ̀ kan ni, bàbá arúgbó, tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú àdá lápá. Ó tanná sí mi lójú, ó ní, "Ta nìyẹn?" Mo kí i, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò bi mí léèrè orúkọ. Ohun tó bi mí ni pé:

"Ta lo dágbére fún?"

Mo ní, "Mi ò dágbére fún ẹnì kankan, bàbá."

Kò bínú. Ó kàn dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá gé igi fún mi láti fi ṣe ọ̀pá, ó fi èjìká rẹ̀ tì mí, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó gbà wá tó wákàtí mẹ́ta. Nílé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé omi gbígbóná kalẹ̀, wọ́n fi òrí ra ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì fún mi ní ẹní. Nígbà tí mo délé ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣe mí. Ó rò pé ilé ọ̀rẹ́ mi ní Mókọ́lá ni mo sùn sí. Ká ní mo kú lórí àpáta yẹn, ó di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi, Ìbàdàn ni wọn ì bá sì máa wá mi kiri.

Mo mọ ìtàn ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí tó le ju tèmi lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2003, Aron Ralston, ọmọ ọdún 27 tó mọ òkè gùn dáadáa, dá wọ àfonífojì tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Bluejohn Canyon ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà. Òkúta ńlá kan yẹ̀ lójú ibi tó wà, ó sì fún ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ògiri àpáta. Kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lo wákàtí 127 níbẹ̀. Omi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Níkẹyìn ó dá egungun apá ara rẹ̀, ó sì fi ọ̀bẹ pẹ́lẹ́bẹ́ kan tí kò mú gé e kúrò, kó tó jáde síta, tó sì pàdé àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ti fi ìtàn náà ṣe fíìmù, ayé sì ń yìn ín fún ìgboyà rẹ̀. Ìgboyà náà tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rántí ọwọ́ yẹn, gbólóhùn kan ṣoṣo tí kò sọ kó tó kúrò nílé ni mo máa ń rò.

Ẹ má sì rò pé dágbére nìkan ti tó. Ìyáàgbà kan, ẹni ọdún 66, ń rin Appalachian Trail ní oṣù Keje ọdún 2013. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni, tó gùn ju kìlómítà 3,400 lọ ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Obìnrin yìí dágbére: ọkọ rẹ̀ ń fi mọ́tò pàdé rẹ̀ láti ibì kan dé ibì kan, ó mọ ibi tó yẹ kó yọ sí àti ọjọ́ tó yẹ kó yọ. Ní inú igbó ìpínlẹ̀ Maine, obìnrin náà yà kúrò lójú ọ̀nà láti lọ tọ̀, kò sì mọ ọ̀nà padà. Ó tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, kò lọ. Ó gun òkè sí i láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò rí. Ó wá pa àgọ́ sábẹ́ igi, ó ń dúró. Wọ́n wá a lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìwé tó ń kọ lójoojúmọ́ fi hàn pé ó wà láàyè fún ọjọ́ 26, ó kéré tán. Oṣù Kẹwàá ọdún 2015 ni wọ́n tó rí àgọ́ náà àti òkú rẹ̀, ibi tó wà kò sì jìn sójú ọ̀nà ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta lọ.

Ìtàn yìí máa ń dùn mí, n kì í sì í sọ ọ́ láti dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà, ì báà ṣe ìṣísẹ̀ ogún, kí ó fi àmì sílẹ̀. Bàbá wa àgbà máa ń ṣẹ́ ẹ̀ka kékeré, á tẹ orí rẹ̀ sí apá ibi tó ń lọ, kí ó lè bá a nígbà tó bá ń bọ̀. Aṣọ pupa tí ẹ bá so mọ́ igi á ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí ẹ bá sì ti mọ̀ pé ẹ ti sọnù, ẹ dúró. Ẹ jókòó. Ẹ mu omi. Ara ènìyàn á fẹ́ sáré, á máa sọ fún un pé ọ̀nà wà lẹ́yìn igi tó kàn. Irọ́ ni ara ń pa. Bí ó bá dá yín lójú pé ẹ rántí ibi tí ẹ ti yà, ẹ padà tọ ipasẹ̀ yín. Bí kò bá dá yín lójú, ibi tí ẹ wà náà ni kí ẹ wà, kí ẹ sì wá ojú tó là: orí àpáta, àárín koríko, ibi tí ènìyàn lè ti òkèèrè rí yín. Abẹ́ igi tútù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ òfurufú wá yín kò lè rí abẹ́ igi.

Fèrè ni mo fẹ́ kí olúkúlùkù yín rà, irú èyí tí rẹfirí máa ń fọn lórí pápá bọ́ọ̀lù. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohùn ènìyàn á há láàárín wákàtí kan, fèrè kò ní há. Níbi púpọ̀ láyé, ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra ni àmì pé ẹnì kan wà nínú ewu. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Ìlú Ọba tó ń gun àwọn òkè ọ̀hún, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan ni tibẹ̀. Kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tún fọn ọ́n. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì nílẹ̀ wa ni 112, kò sì gba owó. Bí ìpè kò bá lọ, ẹ tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò lágbára tó láti gbé ohùn lè gbé ọ̀rọ̀ kúkúrú lọ. Kí fóònù kún bámúbámú kí ẹ tó kúrò nílé, kí tọ́ọ̀ṣì sì wà lọ́tọ̀, kí ẹ má bàa máa fi iná fóònù rìn lóru.

Omi ńkọ́? Fún oòrùn wa, ẹ ṣírò ìdajì lítà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà kan fún wákàtí kan, kí ẹ sì fi méjì lé e. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí ojú ń ṣú, tí ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń sọ mọ́, ẹ wá ibòji kíákíá, kí ẹ sì da omi sára.

Ní ti òjò, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀, nítorí pé òun ló ń mú ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀ nílẹ̀ wa. Omi Olúmirin já ní ìpele méje. Ẹni tó bá wà ní ìpele kejì lè máa rí oòrùn, kí òjò sì ti máa rọ̀ ní orí òkè lọ́hùn-ún. Omi náà á dé bá a níbi tó wà. Ẹ máa wo àwọ̀ omi: bí omi tó mọ́ gaara bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó ń gbé ewé àti ẹ̀ka igi bọ̀, tí ìró rẹ̀ sì ń wúwo sí i, ẹ má dúró ya fọ́tò. Ẹ gun ẹ̀gbẹ́ odò lọ sókè, kúrò lójú omi. Ẹ má sì gbìyànjú láti kọjá. Omi tó dé orúnkún lè gbé àgbàlagbà ṣubú bó bá ń sáré.

Àrá lórí àpáta gbalasa, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ẹni tó dúró lórí àpáta Olúmọ tàbí lórí òkè Ìdànrè ló ga jù níbẹ̀. Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn àrá. Ohùn ń rin kìlómítà kan láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí kíkà yín kò bá tó 30, òjò náà ti sún mọ́ yín jù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ má sì padà sókè títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó dún kẹ́yìn.

Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ: kí ó má fi abẹ là á, kí ó má fẹnu fà á, kí ó má fi okùn dè é pinpin. Kí ó bọ́ òrùka tàbí bàtà ibẹ̀ kí ó tó wú, kí ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà wà lójú kan, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí ẹnikẹ́ni má lépa ejò náà.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ ènìyàn sẹ́yìn, nítorí pé òun ló wúwo jù lọ́kàn mi. Ayé tí bàbá wa àgbà dá wọ igbó kọ́ la wà yìí. Ajínigbé wà. Àwọn igbó kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, tí mo sì fẹ́ràn, tí n kò dá wọ̀ mọ́. Ẹni tó bá rò pé ọgbọ́n gígun òkè lè gba òun lọ́wọ́ ìbọn ń tan ara rẹ̀ jẹ. Nítorí náà, kí ẹ tó lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀: ìyá tó ń ta ẹ̀wà nítòsí gáréèjì, àwọn ọlọ́kadà, àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tó wà nílùú náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ lónìí, ẹ má lọ. Òkè kò ní sá. Níbi tí wọ́n bá ti ń gba owó ẹnu ọ̀nà, ẹ rí i pé wọ́n kọ orúkọ yín sínú ìwé, kí ẹ sì sọ fún wọn nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tán. Níbi tí afinimọ̀nà bá wà, tí owó rẹ̀ kò sì ju agbára yín lọ, ẹ mú un. Ọmọ ìlú ni, ó mọ ọ̀nà ewúrẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀nà ènìyàn.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, mo mọ̀ pé ojú tí ẹ fi ń wo ọ̀nà yàtọ̀ sí tèmi. Bí àjèjì bá bi yín léèrè lójú ọ̀nà pé ṣé ẹ̀yin nìkan ni, ẹ ní àwọn ènìyàn yín ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ má sì gbé àwòrán ibi tí ẹ wà sórí Facebook tàbí WhatsApp nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ẹ bá délé. Àwa ọkùnrin náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Ohun kan tún kù, òun ló sì máa ń nira jù láti gbà: wákàtí ìyípadà. Kí ẹ tó gbéra, ẹ dá aago kan tí ẹ ó yípadà, ì báà jẹ́ pé orí òkè ku díẹ̀. Tèmi ni aago kan ọ̀sán. Gígun òkè rọrùn ju sísọ̀ kalẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá rẹ orúnkún ni àpáta máa ń yọ̀. Níbi wa, ilẹ̀ máa ń ṣú ní nǹkan bí aago méje, abẹ́ igi sì ti máa ń ṣókùnkùn ṣáájú ìta. Lọ́dún tó kọjá, mo yípadà nígbà tí mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó wà lórí òkè. Ó dùn mí títí mo fi délé.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, mò ń lọ sí Adó-Àwáyè. Iṣẹ́ tí mo máa tẹ̀ sí àbúrò mi kí n tó wọ ọkọ̀ nìyí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè kà á fún yín bó ṣe rí:

"Àbúrò mi, òkè Adó-Àwáyè ni mo ń lọ lónìí, mo gba Ìsẹ́yìn. Àtẹ̀gùn tí gbogbo ènìyàn ń gùn ni màá gùn, mi ò ní kọjá Ìyáké. Ẹ̀wù pupa ni mo wọ̀. Aago kan ni màá yípadà. Màá pè ọ́ kí aago márùn-ún tó lù. Bó bá di aago mẹ́fà tí o ò gbọ́ ohùn mi, pe bàbá afinimọ̀nà, nọ́ńbà wọn wà lára fíríìjì. Bí wọn ò bá gbé e, pe 112. Má rò pé bóyá mo sùn sílé ọ̀rẹ́."